Mẹkáníìkì ní ká yọ jíà ọ́tò kúrò lára Honda mi, ká fi mánúà sí i. Ẹ dá sí i o

Omo_Molipa
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Honda Accord 2000, èyí tí wọ́n ń pè ní Baby Boy, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, jíà ọ́tò. Láti bí oṣù mélòó kan báyìí tí mo bá fi sí R láàárọ̀ ó máa ń ṣe bí ẹni ń ronú kó tó lọ sẹ́yìn, tó bá sì fẹ́ kúrò ní jíà kejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ́ńjìnnì á kàn máa pariwo lásán, ọkọ̀ ò ní yára, ìgbà tó bá wù ú ló máa tó já lù mí gbì! Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan níbí ní Ìjẹ̀bú Òde, ó ní jíà ti lọ. Ó ní ọ̀nà mẹ́ta ló wà, ká ra Belgium (jíà àlòkù tó ti òkè òkun wá), ká tú u ṣe, tàbí ká yọ ọ́ dànù ká fi mánúà sí i. Ó ní tòun bá ni, mánúà ni, pé màá gbàgbé pé mo tiẹ̀ ní jíà nínú ọkọ̀.

Èmi ò bẹ̀rù mánúà, Pijó 504 bàbá mi ni mo fi kọ́ mọ́tò. Àmọ́ ìyàwó mi ló máa ń gbé ọkọ̀ yìí lọ síbi iṣẹ́ ní Àgọ́ Ìwòyè, ọ́tò nìkan ló mọ̀ ọ́n wà. Ṣé kí n yí i ni àbí kí n má yí i?

Alaga_Manual
Yí i kíá! Kí lo tún ń bèèrè? Ẹni tó jókòó sínú ọ́tò, èrò ni, ó kàn jẹ́ pé iwájú ló jókòó sí. Ìwọ ló yẹ kó o pinnu ìgbà tí mọ́tò máa sáré àti ìgbà tó máa mí, kì í ṣe solenoid kan, ìyẹn fáàfù oníná tó ń darí ọ́ìlì jíà, tó fara pamọ́ sínú ọ́ìlì. Golf 3 ni mò ń wà ní Ṣágámù, kílọ́ọ̀ṣì ni mo ti pààrọ̀ lára ẹ̀, jíà gan-an ò tíì fojú kan sípánà.

Rewaya_Iperu
Alága, rọra. Omo Molipa, kí ẹnikẹ́ni tó tú nọ́ọ̀tì kan, dá mi lóhùn. Iná D4 tó wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ṣé ó ń ṣẹ́jú? Bí Honda ìgbà yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà bá rí nǹkan tí ò yé e nínú jíà, D4 yẹn á máa tàn á máa kú. Ṣé wọ́n ti síkáànì ẹ̀, ìyẹn kí wọ́n fi ẹ̀rọ ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí? Irú ọ́ìlì wo ló wà nínú ẹ̀?

Omo_Molipa
Haa, ó ń ṣẹ́jú o! Wọ́n ní wáyà ló fẹ́ra kù, ká má dá a lóhùn. Wọn ò síkáànì, mẹkáníìkì kàn wà á lọ wà á bọ̀, ó dẹtí sí i, ó ní ó ti kú. Ọ́ìlì, èyí tó pupa yẹn ni wọ́n máa ń fi kún un.

Rewaya_Iperu
Gbogbo wọn ló pupa, ọ̀gá mi. Pupa kì í ṣe orúkọ ọ́ìlì. Honda tìrẹ yìí, ATF-Z1 ló ń mu láti ilé, nígbà tó yá Honda fúnra wọn fi DW-1 rọ́pò ẹ̀. Èyí tí wọ́n ń bù nínú kẹ́ẹ̀gì níta, Dexron ló sábà máa ń jẹ́, ó dáa fún ọkọ̀ tó bá ni ín, àmọ́ kì í ṣe tìrẹ.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn nìyí o. Jíà ọ́tò Honda ìgbà yẹn ò dà bíi ti Toyota. Ti Toyota, planetary ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn àwọn jíà kéékèèké tó ń yí jíà kan po láàárín. Ti Honda, àwọn ọ̀pá tó sùn ti ara wọn ni, bíi ti mánúà gẹ́lẹ́, jíà kọ̀ọ̀kan wá ní kílọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ tí agbára ọ́ìlì ń tì pa. Ọ́ìlì yẹn náà ló ń ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì ẹni tó ń wa mánúà. Tó bá ti gbó tàbí tí wọ́n ti po oríṣi mẹ́ta pọ̀, kílọ́ọ̀ṣì ò ní di ara ẹ̀ mú dáadáa, ohun tó ń ṣe nígbà tó fẹ́ bọ́ sí ìkẹta yẹn nìyẹn. Ó sì lè jẹ́ solenoid ló dọ̀tí. Síkáànì kó o tó náwó.

LondonRemo
Ẹ kú ilé o. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, ní 2004 Honda pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà torí jíà ọ́tò, jíà kejì ló ń gbóná jù. Accord wà nínú wọn. Tó bá jẹ́ àìsàn àbínibí ni, oògùn wo lẹ fẹ́ lò fún un? Bọ̀dá, ẹ yí i.

Rewaya_Iperu
LondonRemo, òótọ́ ni, àmọ́ ó kù díẹ̀. Àwọn tí wọ́n pè padà nígbà náà, V6 ni wọ́n, plọ́ọ̀gì mẹ́fà. Plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni ti ọ̀gá wa yìí, kò sí lára wọn.

LondonRemo
Ẹ ṣeun, ó ti yé mi.

Oloko_J4
Èmi ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ pé kó lọ pààrọ̀ ọ́ìlì o. Jíà tó ti gbó, tẹ́ ẹ bá fi ọ́ìlì tuntun sí i, ó parí nìyẹn. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì yòówù. Ẹ̀gbọ́n mi ní Camry kan tó ń lọ jẹ́jẹ́, wọ́n fọ inú jíà ẹ̀ wọ́n da tuntun sí i, kò lo ọ̀sẹ̀ kan.

Isara_Gear
Oloko, "fọ" yẹn ni kẹ́ ẹ dúró lé lórí. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ti ọ́ìlì wọ inú ẹ̀ tipátipá, gbogbo ìdọ̀tí tó ti sùn sísàlẹ̀ látọjọ́ yìí ló máa gbéra, á wá lọ dí ojú ihò tíntìntín tó wà nínú valve body, ibi tó ń pín ọ́ìlì kiri inú jíà. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún Honda rárá. Ó ní nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀ tí mágnẹ́ẹ̀tì wà lórí ẹ̀, wọ́n á tú u, ọ́ìlì á ṣàn jáde fúnra ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń tì í. Ohun tó máa jáde ò tó ìdajì, torí ìyókù wà nínú torque converter (ike ọ́ìlì tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà) àti inú jíà fúnra ẹ̀, wọ́n á da tuntun sí i dípò èyí tó jáde, èèyàn á wà á fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á tún tú u, ẹ̀ẹ̀mẹta bẹ́ẹ̀ ni ọ́ìlì inú ẹ̀ á tó fẹ́rẹ̀ẹ́ di tuntun. Àti pé Camry ẹ̀gbọ́n yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé torí ó ti ń ṣàìsàn ni wọ́n ṣe gbé e lọ, àwọn èèyàn kì í rántí ọ́ìlì jíà àfìgbà tí ikú bá ti dé ẹnu ọ̀nà.

Omo Molipa, tí wọ́n bá tú nọ́ọ̀tì yẹn, ìwọ fúnra ẹ wo mágnẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́, ìyẹn kì í ṣe nǹkan, bí jíà ṣe ń jẹra ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ èérún irin tí ọwọ́ lè mú, má wulẹ̀ ra ọ́ìlì, fowó ẹ pamọ́.

BabaPijo
Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kú ìjíròrò. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Pijó ní Kàdúná, àwa la kọ́kọ́ wà á, jíà wà lára sítẹ́á, ẹni tí ò bá mọ ibi tí jíà kejì wà á kàn máa fa ọ̀pá yẹn bí ẹni ń fa omi kànga. Mo fẹ́ràn ẹ̀. Tí bátìrì bá kú, ẹ ó pe ọmọkùnrin mẹ́ta, wọ́n á tì í, ẹ ó fi sí jíà kejì, ẹ ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ẹ ó sì tú u sílẹ̀ lójijì, ó ti jí. Ọ́tò ńkọ́, tẹ́ ẹ bá tì í láti Ìpẹ̀rù dé Ìkẹ́nnẹ́ kò ní jí, torí ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì jíà, ẹ́ńjìnnì ò sì tíì ṣiṣẹ́. Bákan náà tó bá bà jẹ́ lójú ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fà á, mánúà á wà ní free á máa tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ọ́tò tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń fà, àfi kí wọ́n gbé iwájú ẹ̀ kúrò nílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á jó jíà pọ̀ mọ́ ọn. Mo rí ọ̀kan tí wọ́n fi okùn fà láti Ògèrè, jíà tó ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ti jóná kí wọ́n tó délé.

Gbogbo èyí tí mo sọ tán, ọ́tò ni mò ń wà báyìí. Orúnkún. Ẹ jẹ́ kí Alága yìí pé ọgọ́ta ọdún, ká tún jọ sọ ọ́.

Alaga_Manual
Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo fara mọ́ ti orúnkún. Àmọ́ ọ̀gbẹ́ni tó bèèrè yìí ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Àti pé ìyàwó ẹ̀ lè kọ́ ọ, ọjọ́ mélòó ló máa gbà?

Iya_Ibeji_Odogbolu
Alága, àbúrò mi, wá gbọ́. Èmi ń wa bọ́ọ̀sì L300 onímánúà, gàrí ni mo fi ń kó lọ sí Èkó, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa kọ́ mi ní ohun tí kílọ́ọ̀ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti já ẹrù, Corolla ọ́tò mi ni mò ń gbé jáde. Jímọ̀ àkọ́kọ́ oṣù tí àwọn èèyàn ń lọ sí Redemption Camp, lọ jókòó sínú mánúà láàrin Ìbàfo sí Mówé kó o wá sọ fún mi bí ẹsẹ̀ òsì ẹ ṣe ń ṣe ẹ́. Ọjọ́ Ojúde Ọba ńkọ́, tí gbogbo Ìjẹ̀bú Òde bá dúró pa, tí mo wé gèlè tí mo wọ bàtà gíga, kí n wá máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì?

Gbogbo ẹ̀yin ọkùnrin yìí lẹ ti sọ tẹnu yín, kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tí ìyàwó ẹ̀ ń fẹ́. Òun kọ́ ló ń gbé e lọ sí Àgọ́ Ìwòyè ni? Bọ̀dá Molipa, ẹ bi í kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan.

Kabukabu_Ago
Ọ̀rọ̀ epo lẹ ò tíì fọwọ́ kàn o. Láti May 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, èmi ò lè wo ọ́tò lójú. Mánúà ni mo fi ń ṣe kabúkabú láti Àgọ́ sí Òrù sí Ìjẹ̀bú Igbó, tí mo bá ti dórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo ti fi sí free, ọkọ̀ á máa yọ̀ lọ fúnra ẹ̀, epo ò jó rárá, lọ́jọ́ kan ẹ máa rí i pé owó ńlá ni mò ń kó pamọ́.

Isara_Gear
Kabukabu, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà kábúrétọ̀ ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣiṣẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń lo ínjẹ́kítọ̀, tó bá wà nínú jíà tẹ́ ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kọ̀ǹpútà á gé epo pátápátá, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá wá fi sí free, ẹ́ńjìnnì nílò epo kó má bàa kú. Ìyẹn ni pé ibi tẹ́ ẹ ti ń rò pé ẹ̀ ń tọ́jú epo gan-an lẹ ti ń jó o. Yàtọ̀ síyẹn, bíréèkì nìkan ló kù tó di ọkọ̀ mú, èrò sì wà lẹ́yìn yín. Bíréèkì tó bá gbóná jù kì í gbọ́rọ̀ mọ́.

Kabukabu_Ago
Ọkọ̀ tèmi ti pẹ́ o, kábúrétọ̀ ló ń lò.

Isara_Gear
Èrò náà ti pẹ́ ni? Ẹ fi í sínú jíà.

Rewaya_Iperu
😂 Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ti epo yẹn fún àwọn tó kù. Láyé àtijọ́ lóòótọ́ ọ́tò máa ń jẹ epo ju mánúà lọ, torí ọ́ìlì ló wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti jíà nínú torque converter, ọ́ìlì á sì máa yọ̀, agbára díẹ̀ á ṣòfò. Wọ́n wá fi lock-up sí i, kílọ́ọ̀ṣì kan nínú converter yẹn tó máa so méjèèjì pọ̀ ṣinṣin tí ọkọ̀ bá ti wà lórí eré. Àwọn ọ́tò ìsinsìnyí tó ní jíà mẹ́jọ, òmíràn tiẹ̀ ń jẹ epo dín sí mánúà. Àmọ́ tí lock-up bá ti kọṣẹ́, epo ẹ á pọ̀ lórí márosẹ̀, ooru jíà náà á pọ̀. Omo Molipa, ṣé o ti ń kíyè sí i pé ó ń mu epo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tó o bá gbà Ṣágámù lọ sí Èkó?

LondonRemo
Ẹ jẹ́ kí n gbèjà Alága díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ìgbádùn náà wà níbẹ̀. Ní 2013 Porsche gbé 911 GT3 tuntun, ọkọ̀ eré, jáde láìsí mánúà, PDK (jíà ọ́tò wọn) nìkan, tó ń pààrọ̀ jíà kíá ju ọwọ́ èèyàn kankan lọ. Àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò fárígá! Owó wà lọ́wọ́ wọn, eré wà lára ẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Nígbà tó di 2016 Porsche ṣe 911 R onímánúà, ní 2017 wọ́n dá mánúà padà sára GT3. Toyota náà, nígbà tí Supra tuntun jáde ọ́tò nìkan ló ní, ní 2022 wọ́n fi mánúà sí i. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ èyí tó yára.

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí ní UK, tó o bá fi ọ́tò ṣe ìdánwò ìwakọ̀, ọ́tò nìkan ni láísẹ́ǹsì ẹ máa gbà ẹ́ láàyè láti wà. Mánúà ló ń jẹ́ kó o wa méjèèjì. Mo fi mánúà ṣe é, mo sì ń gbádùn ẹ̀ lọ.

Iya_Ibeji_Odogbolu
Àwọn tó ra GT3 yẹn ń fi ṣeré ní ọjọ́ Àìkú ni. Èyí táà ń sọ yìí, ọkọ̀ ibi iṣẹ́ ni.

Alaga_Manual
Ìyá Ìbejì ẹ ti fẹ́ pa mí o. Àmọ́ ẹ bá mi wo nǹkan kan, tí mánúà bá ní wàhálà, kílọ́ọ̀ṣì ni, mẹkáníìkì abẹ́ igi mọ̀ ọ́n ṣe. Tí ọ́tò bá ní wàhálà, ẹ máa wá ẹni tó ní síkáànà, ẹ máa wá Belgium, ẹ ò mọ̀ bóyá Belgium náà ti kú kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Isara_Gear
Ibi tí Alága ti ní òótọ́ jù nìyẹn. Jíà Belgium, kò sẹ́ni tó lè wò ó lórí ilẹ̀ kó mọ̀ ọ́n. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣàdéhùn pé tí kò bá ṣiṣẹ́ á gbà á padà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti yíyí ọ́tò sí mánúà, mo ti ṣe é, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà níbẹ̀, torí àwọn mẹkáníìkì máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé jíà nìkan ni wọ́n fẹ́ gbé sí i. Ẹ máa ra jíà, ẹ máa ra flywheel, torí irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ọ́tò kì í gba kílọ́ọ̀ṣì, ẹ máa ra kílọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú pressure plate àti bẹ́árìn ẹ̀, ẹ máa ra pẹ́dà mẹ́ta torí bíréèkì ọ́tò fẹ̀ jù, ó máa gba àyè kílọ́ọ̀ṣì, ọ́ìlì ló ń ti kílọ́ọ̀ṣì Accord yìí nítorí náà master cylinder (pọ́ǹpù ẹ̀) wà lókè, slave tó ń gba ọ́ìlì lọ́wọ́ ẹ̀ wà nísàlẹ̀, ẹ máa ra wáyà tó ń ti jíà pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀, síítì jíà, mọ́ǹtì ẹ́ńjìnnì, bóyá àkísù náà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ti iná tó kàn. Ẹni tó bá ra wọ́n ní ẹyọ ẹyọ ní Ládípọ̀ máa rí i pé owó tí mẹkáníìkì dá kò tó ààbọ̀. Àfi tẹ́ ẹ bá rí ọkọ̀ onímánúà kan tó ti fara gbá, irú kan náà, kẹ́ ẹ tú gbogbo ẹ̀ lára ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Rewaya_Iperu
Ti iná, èmi ni kí n sọ ọ́. Ọkọ̀ ọ́tò ní swítì kan tí kì í jẹ́ kó gbiná àfi tó bá wà ní P tàbí N. Tí wọ́n bá ti yọ jíà kúrò, ọ̀pọ̀ rẹ̀wáyà máa ń so wáyà méjèèjì pọ̀ kó lè máa gbiná, wọ́n á sì lọ. Ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí ni pé ọkọ̀ yẹn á máa gbiná nínú jíà. Ọmọ kékeré yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ fò síwájú. Wọ́n gbọ́dọ̀ gbé swítì kílọ́ọ̀ṣì sí i, kó jẹ́ pé àfi tí ẹsẹ̀ bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì. Iná rìfáàsì náà, wọ́n máa ń gbàgbé ẹ̀. Sípídómítà lè kú. Brain box ọ́tò (kọ̀ǹpútà ẹ̀) tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ á máa wá jíà tí ò sí mọ́, D4 ò ní yé ṣẹ́jú láyé, tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ ẹ̀, ẹ rí i pé kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tẹ̀ lé e, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní immobilizer, tí kì í jẹ́ kó gbiná tí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ ẹ̀.

Oloko_J4
Ẹ ò tún sọ pé kò sẹ́ni tó máa rà á mọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé wọ́n yí jíà ẹ̀, wọ́n á máa bá ẹ na iye tí wọ́n fi ń ra irin.

Omo_Molipa
Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo ti gbé e lọ síkáànì ní Ṣágámù. Kóòdù P0740 ló mú jáde, kò sí òmíràn. A tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ yẹn, ẹrẹ̀ dúdú ló wà lórí mágnẹ́ẹ̀tì, kò sí irin. Ọ́ìlì yẹn dúdú gan-an, ó ń rùn bí nǹkan tó jóná díẹ̀. Rewaya, epo náà ti ń pọ̀ lóòótọ́, mo rò pé àwọn iléepo ló ń rẹ́ wa jẹ ni.

Ìyàwó mi ní tí mo bá fi mánúà sí i, kí n ra kẹ̀kẹ́ fóun.

Iya_Ibeji_Odogbolu
Ẹ ti gbọ́! 😂😂

Rewaya_Iperu
P0740, lock-up yẹn náà nìyẹn. Kò sọ pé jíà ti kú. Solenoid lock-up wà lára jíà níta, wọ́n lè tú u láìsọ jíà kalẹ̀, ó ní àwọ̀n kékeré kan lábẹ́ ẹ̀ tó máa ń dí, wọ́n á fọ ọ́, wọ́n á fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ṣe ti ọ́ìlì lẹ́ẹ̀mẹta bí Isara ṣe sọ, DW-1 o. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn ọ́ìlì ẹ̀, ẹ wà á kó gbóná, ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, kẹ́ ẹ fa dipstick yọ láàrin ìṣẹ́jú kan. Ti Toyota ni wọ́n ń wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló ń da méjèèjì pọ̀.

Isara_Gear
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ kí n má fún un ní ìrètí jù. Ó ti ń yọ̀ láàrin kejì sí ìkẹta, ọ́ìlì ẹ̀ sì ti jóná díẹ̀, ó ṣeé ṣe kí kílọ́ọ̀ṣì ìkẹta ti jẹ díẹ̀. Ó lè pẹ́, ó lè má pẹ́. Owó ọ́ìlì àti fífọ solenoid ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà, ẹ kọ́kọ́ ná ìyẹn. Tí yíyọ̀ yẹn ò bá lọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ máa múra Belgium ọ́tò sílẹ̀.

Alaga_Manual
Ó dáa, mo ti gbà fún ìyàwó. Omo Molipa, jíà mánúà tí mẹkáníìkì yẹn fẹ́ fi sí i, ṣé ó ti rà á ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìlíṣàn ní Accord '98 onímánúà, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, ìkẹta ẹ̀ ń pariwo. Ṣé ó máa wọ̀ ọ́?

Omo_Molipa
Ó ti rà á sílẹ̀ o, ìyẹn gan-an ló fi ń bínú sí mi báyìí. Màá fi nọ́ńbà ẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ ní inbox.

Isara_Gear
Á wọ̀ ọ́, láti 1998 dé 2002 ìran kan náà ni, kó ṣáà ti jẹ́ ti plọ́ọ̀gì mẹ́rin. Kó tó sanwó, kó fi ọwọ́ yí ọ̀pá iwájú ẹ̀, kó kó o sí gbogbo jíà lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dẹtí sí bẹ́árìn. Kó da ọ́ìlì inú ẹ̀ sórí bébà funfun, tó bá ń dán wínníwínní kó fi sílẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti gbé e sí i tán, kí ẹnikẹ́ni má da ọ́ìlì 90 sínú ẹ̀, MTF ni Honda ń lò nínú mánúà, 90 ki jù fún un, àárọ̀ ni jíà á ti máa le bí òkúta.